Ọ̀kẹ́ Mélòó Ni Èyíinì?

Kì í ṣe àṣà wa ní ojú ìwé yìí láti máa kọ̀wé lórí ìṣirò. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè àti ìtàn àwọn baba ńlá wa ni àwọn òǹkàwé wa ń retí láti ọ̀dọ̀ wa lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wa ní ìpàdé ẹbí kan ní àìpẹ́ yìí, tí kò jẹ́ kí a lè dákẹ́.

Akọ̀wé ìpàdé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé dáradára, dìde láti jíhìn owó tí wọ́n dá fún àtúnṣe ilé baba wọn. Ó ka iye owó náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 760,000 náírà. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó ti ògiri, tí òun pàápàá dá nínú owó náà, gbé orí sókè, ó sì bèèrè pé: "Ọ̀kẹ́ mélòó ni èyíinì, ọmọ mi?" Akọ̀wé wò ó títí, kò rí èsì fún un. Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn náà ń wò. Níkẹyìn ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màmá, owó náà pọ̀." Ìpàdé sì ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

"Owó náà pọ̀!" Ǹjẹ́ èsì ni èyí fún ẹni tí ó dá owó? Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó rò pé ìyá náà ni kò mọ̀wé. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìyá náà mọ ohun tí ó ń bèèrè, ó sì bèèrè rẹ̀ bí ó ti yẹ; àwọn tí wọ́n kàwé ni kò lè dáhùn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó ti bá owó ẹyọ lọ. Iye tí ó ní làákàyè nínú ni. Ọ̀nà tí ó sì ti inú ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò gùn ju láti inú yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. A sì fẹ́ sọ pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣọ́ owó fún àwùjọ ní ilẹ̀ Yorùbá kò yẹ kí ó jẹ́ aláìmọ̀ ọ́n.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́ kí ó tó di orúkọ iye. Ní ayé owó ẹyọ, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń kó ìkarahun kéékèèké láti erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà wá sí etí òkun wa, kò sí ẹni tí ó lè máa ka owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ó bá fẹ́ ra ẹṣin tàbí kí ó san ìdána. Samuel Johnson, àlùfáà tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní ọdún 1921, kọ ètò tí àwọn baba wa fi ń kó o jọ. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá kan, èyí ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1887, Adolphus Mann, òyìnbó oníwàásù tí ó ti gbé láàárín wa, kọ àkọsílẹ̀ kan nípa oǹkà Yorùbá sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe àpèjúwe bí a ti ń ka owó tí a kò tíì sín. A ó da owó sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í. Yóò máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ti fà á ní ìgbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì gbá ọgọ́rùn-ún méjèèjì pọ̀: igba dé nìyẹn. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí. Ẹni tí ó sín owó rin ọ̀nà ogójì, àádọ́ta àti mẹ́wàá. Ẹni tí ó kà á nílẹ̀ rin ọ̀nà márùn-ún, ogún, méjì, mẹ́wàá àti mẹ́wàá. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe òtítọ́, ẹnu ọ̀kẹ́ kan náà ni wọn yóò ti pàdé. Kì í ṣe gbogbo iye ni ó gba irú èyí. Kí ni ó mú kí ọ̀kẹ́ gbà á?

Ẹ pín ọ̀kẹ́ kan sí méjì: ẹgbàárùn-ún ni, èyí ni 10,000. Ẹ tún un pín sí méjì: 5,000. Ẹ tún un pín: 2,500. Ẹ tún un pín: 1,250. Ẹ pín in lẹ́ẹ̀karùn-ún: 625. Níbí yìí ni ìpín sí méjì dúró, nítorí pé bí a bá pín 625 sí méjì, ẹyọ kan yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí márùn-ún: 125. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀: 25. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀: márùn-ún. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin: ọ̀kan péré ni ó kù. Gbogbo ohun tí a fi mọ ọ̀kẹ́ kò ju èyí lọ: méjì ní ìgbà márùn-ún, àti márùn-ún ní ìgbà mẹ́rin. Kò sí mẹ́ta nínú rẹ̀, kò sí méje, kò sí mọ́kànlá. Ọwọ́ méjì àti ìka márùn-ún tí Ẹlẹ́dàá fún olúkúlùkù ni ó wà nínú ọ̀kẹ́, kò sí ohun mìíràn.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ iye ọ̀nà tí a fi lè pín ọ̀kẹ́ dọ́gba láìsí ìyókù. Ẹni tí ó ń pín in lè mú nínú àwọn méjì yẹn ọ̀kan, tàbí èjì, títí dé márùn-ún, tàbí kí ó má mú rárá: ọ̀nà mẹ́fà ni. Ó lè mú nínú àwọn márùn-ún yẹn ọ̀kan títí dé mẹ́rin, tàbí kí ó má mú rárá: ọ̀nà márùn-ún ni. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún sì ni ọgbọ̀n. Nítorí náà ọgbọ̀n iye ni ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù, kò lé, kò dín. Ènìyàn méjì lè pín in, mẹ́rin lè pín in, bẹ́ẹ̀ ni márùn-ún, mẹ́jọ àti mẹ́wàá. Ẹni mẹ́rìndínlógún lè pín in, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba 1,250. Ẹni ogún, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹni méjìlélọ́gbọ̀n, ẹni ogójì, ẹni àádọ́ta, gbogbo wọn lè pín in kí ìjà má sì sí.

Kí a wá wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Iye tí ó ṣáájú rẹ̀, 19,999, iye mẹ́rin péré ni ó lè pín in dọ́gba: ọ̀kan, méje, 2,857 àti òun fúnra rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, 20,001, mẹ́jọ péré ni tirẹ̀. Láàárín ahun méjì ni ọlọ́wọ́ ṣíṣí yìí jókòó sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pín ọjà tàbí èsúsú rí yóò mọ ìdí rẹ̀ tí àwọn baba wa fi dá àpò wọn dúró ní 20,000 gan-an, tí wọn kò dá a dúró níbòmíràn.

Àwa kò fẹ́ pọ́n ọ̀kẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní àléébù. Bí ìdí igi mẹ́ta bá fẹ́ pín ogún tí ó jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìdí igi kọ̀ọ̀kan yóò gba 6,666, méjì yóò sì ṣẹ́kù tí kò ní olówó. Ẹni mẹ́fà kò lè pín in, ẹni méje kò lè pín in, ẹni mẹ́sàn-án kò lè pín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èèyàn ní láti sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú ẹwà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iye.

Àwọn àgbẹ̀ wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Igba ebè ni àgbẹ̀ Yorùbá fi ń díwọ̀n oko. Ọgọ́rùn-ún irú igba bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kẹ́ ebè kan. Ká ní ọkùnrin kan fẹ́ kọ ọ̀kẹ́ ebè kan pé pérépéré sí oko méjì, tí ó sì fẹ́ kí oko kọ̀ọ̀kan dọ́gba ní ìbú àti ní òró. Ó lè kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sí oko kìíní, kí ó sì ṣe bákan náà sí oko kejì. Ó lè kọ 140 lọ́nà 140 sí oko ńlá, kí ó sì kọ ogún lọ́nà ogún sí ẹ̀yìn ilé. Ó sì lè kọ 124 lọ́nà 124 síhìn-ín, kí ó kọ 68 lọ́nà 68 sọ́hùn-ún. Ọ̀nà mẹ́ta yìí pé ọ̀kẹ́ kan láìlé láìdín, kò sì sí ọ̀nà kẹrin. Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì mú kálámù kí ó ṣirò rẹ̀. Bí a bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí rẹ̀, pẹ̀lú ebè àti oko tí ó mọ̀, a kò rò pé yóò sùn nínú kíláàsì.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa gbé wúwo jù wàyí. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa ń sọ pé oǹkà Yorùbá kò bá ti ayé òde òní mu, nítorí pé ogún ni a fi ń kà, nígbà tí gbogbo ayé ń fi ẹ̀wá kà. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ti àwọn iye kéékèèké. Ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún, ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́rin àti ogún márùn-ún ni wọ́n jẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gun àtẹ̀gùn náà lọ sókè kí a wo ohun tí a ó rí. Ogún ni 20. Igba ni 200. Ẹgbàá ni 2,000. Ọ̀kẹ́ ni 20,000. Ogún lọ́nà mẹ́wàá ni igba, igba lọ́nà mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Bí ó bá jẹ́ ogún nìkan ni àwọn baba wa ń tẹ̀ lé, ogún lọ́nà ogún, èyí ni irínwó, ni ì bá jẹ́ àtẹ̀gùn kejì. 8,000 ni ì bá jẹ́ ẹ̀kẹta. 160,000 ni ì bá sì jẹ́ ẹ̀kẹrin. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wá ni wọ́n fi ń gun òkè, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ àti tiwa ní ibi gíga kò ju èyí lọ: ibi tí tiwọn bá jẹ́ ọ̀kan, méjì ni tiwa.

Láti inú èyí ni òfin kan ti jáde wá, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè mọ̀ kí iná tó jó iṣu rẹ̀. Bí a bá kọ iye kan sílẹ̀, kí a fi ìka bo àmì oǹkà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn; kí a pín èyí tí ó kù sí méjì; iye ọ̀kẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bíbo àmì mẹ́rin mọ́lẹ̀ ni pípín in sí ọ̀nà 10,000. Ẹgbàárùn-ún méjì ni ó sì wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Bí èyí tí a fẹ́ pín sí méjì kò bá pín dọ́gba, ẹgbàárùn-ún kan ṣẹ́kù, kí a dá orúkọ rẹ̀ pè.

Ẹ jẹ́ kí a fi í dáhùn ìyá wa tí ó jókòó ti ògiri. 760,000: fi ìka bo mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn, 76 kù. Ìdajì 76 ni 38. "Ọ̀kẹ́ méjìdínlógójì ni, ìyá." Èsì náà nìyẹn, kò gbà ju kí a mí lẹ́ẹ̀kan. 350,000 ńkọ́? 35 kù, ìdajì rẹ̀ sì ni mẹ́tàdínlógún, ẹyọ kan ṣẹ́kù: ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún àti ẹgbàárùn-ún. 46,350 ńkọ́? 4 kù, ìdajì rẹ̀ ni méjì: ọ̀kẹ́ méjì, àwọn tí a bò mọ́lẹ̀ sì ni ẹgbàáta àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Mílíọ̀nù kan tí ẹnu wa kún fún lónìí, 100 ni ó kù nígbà tí a bá bo mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ sì ni àádọ́ta. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn àgbà fi ń pè é ní àádọ́ta ọ̀kẹ́.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni èrè rẹ̀? Owó ẹyọ kò sí nínú ọjà mọ́." Àwa yóò dá wọn lóhùn pé, ọ̀kẹ́ ti padà sí ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, àwa ni kò dá a mọ̀. Nígbà tí a pààrọ̀ owó pọ́n-ùn sí náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rí 20,000 náírà lójú. Lónìí ńkọ́? Ìwé owó ẹgbẹ̀rún náírà tí a ń ná, ogún rẹ̀ péré ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wo owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ìjọba Nàìjíríà là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2011, 18,000 náírà ni: ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹgbàá. Ní ọdún 2019, ó di 30,000: ọ̀kẹ́ kan àti ẹgbàárùn-ún. Ní ọdún 2024, ó di 70,000: ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹgbàárùn-ún. Iye ọ̀kẹ́ ń pọ̀ sí i, ohun tí a ń fi rà kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni èyíinì. Ohun tí a ń sọ ni pé, òṣìṣẹ́ tí ó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka owó rẹ̀ yóò mọ ibi tí ó dúró, ìyá rẹ̀ nílé yóò sì lè bá a rò ó.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ àṣekára ni oǹkà wa nítorí pé ó kún fún "ó dín, ó dín." A gbà pé ó ń fẹ́ ìrònú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ìrònú náà ní èrè. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 2,398,957 ni wọ́n kà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ ka iye yẹn sí etí ẹnikẹ́ni bí ó ti wà, kí ẹ sì bi í léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà bóyá ó rántí rẹ̀. Àgbà tí ó mọ oǹkà Yorùbá yóò wò ó, yóò rí i pé kò jìnnà sí 2,400,000. Yóò bo mẹ́rin mọ́lẹ̀, 240 ni yóò kù, ìdajì rẹ̀ sì ni ọgọ́fà. Yóò ní: "Ọgọ́fà ọ̀kẹ́ ni Èkìtì, ó dín ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́tàlélógójì." Orí iye náà ni ó kọ́kọ́ mú, kí ó tó yọ ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò gbàgbé ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ọgọ́fà ọ̀kẹ́. Ìdínkù tí à ń sá fún, òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ọkàn lè dì mú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a má kọ 1, 2, 3 mọ́. Àwọn ará Íńdíà ni ó kọ́kọ́ ń lo àwọn àmì náà, àwọn Lárúbáwá ni ó gbé e dé Yúróòpù, àwọn òyìnbó sì gbà á lò láìjẹ́ pé wọ́n gbé èdè wọn jù sílẹ̀. Ará Jámánì ń kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́, ará Faransé pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń pè é ní èdè baba rẹ̀. Ará Faransé tí ó bá fẹ́ pe 80 ń sọ pé "ogún mẹ́rin" ní èdè tirẹ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó ní ojú rẹ̀ kò là. Àmì náà jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹnu jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé oǹkà wa kò ní òpin. Bí a bá dé bílíọ̀nù, 50,000 ọ̀kẹ́ ni yóò jẹ́, ọ̀kẹ́ yóò sì máa gun ọ̀kẹ́ lórí. Bí àwọn akọ̀wé ìjọba bá yá ọ̀rọ̀ lò fún èyíinì, a kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń ka bílíọ̀nù lórí tábìlì rẹ̀? Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, owó ẹgbẹ́, owó àtúnṣe ilé, owó ìsìnkú, gbogbo èyí wà ní agbègbè ọ̀kẹ́ kan sí ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́, ti ẹbí àti ti ìlú, máa kọ iye owó ní àmì oǹkà bí wọ́n ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kà á jáde ní ọ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jíhìn. Ìṣirò tí àwọn tí ó dá owó kò gbọ́, ìṣirò tí a fi pa mọ́ ni. A kò sọ pé akọ̀wé olóòótọ́ kò sí. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí àgbà kò bá ti lè bèèrè, níbẹ̀ ni ọwọ́ ti ń rọrùn fún aláìṣòótọ́.

Èkejì, ẹ̀yin ọba àti ẹ̀yin ìjòyè wa, a bẹ̀ yín. Bí a bá mú ìkéde wá sí ààfin, tí a ní ìlú gbọ́dọ̀ dá iye báyìí, ẹ bèèrè pé, "Ọ̀kẹ́ mélòó ni?" Bí ẹ bá bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí akọ̀wé tí yóò tún wá síwájú yín lẹ́ẹ̀kẹrin láìmọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, èyí tí Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀, láti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ti ṣe rí kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Àwa kò sì bèèrè tó ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ yín. Wákàtí kan péré ni a ń bèèrè: ìdajì fún àtẹ̀gùn mẹ́rin náà, ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́, ìdajì fún fífi ìka bo àmì mẹ́rin.

Èyí tí ó kẹ́yìn wà ní ọwọ́ gbogbo òbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kó ogún ìwé owó ẹgbẹ̀rún náírà sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ. Sọ fún un pé, "Ọ̀kẹ́ kan nìyí." Jẹ́ kí ó pín in sí méjì, sí mẹ́rin, sí márùn-ún, sí mẹ́wàá. Jẹ́ kí ó gbìyànjú láti pín in sí mẹ́ta, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà kí o gba owó rẹ padà! Ìmọ̀ tí ó kù sí ọwọ́ ọmọ náà, kò sí olè tí yóò jí i.

A máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa sọ pé "ọ̀kẹ́ àìmọye" nígbà tí ohun kan bá pọ̀ ju èyí tí wọ́n fẹ́ kà lọ. Àṣà èdè ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìmọye. A mọ ìka tí ó fà á, a mọ okùn tí ó sín in, a mọ ọgbọ̀n iye tí ó lè pín in àti àwọn tí kò lè pín in. Àwa gan-an ni a kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ tí ó mọ àmì oǹkà àti ìyá tí ó mọ ọ̀kẹ́, wọ́n nílò ara wọn. Ìyá náà ti ṣe tirẹ̀; ó ti bèèrè. Ó ku kí a dá a lóhùn.